Kílámpù kì í ṣe éàtì: bó ṣe yẹ ká so ẹ̀rọ wẹ́dà mọ́ iná

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí. Àwọn wẹ́dà, àwọn oníṣẹ́ iná àti àwọn onílé tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wẹ́dà ni mo fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lẹ́bàá títì, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin. Wáyà méjì péré lẹ máa rí tó ti ibi iná wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè éàtì, wọ́n á nawọ́ sí kílámpù tó gán irin tí wọ́n ń jó. Orúkọ ló fa àṣìṣe yìí, torí “éàtì” ni ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ń pe kílámpù náà. Ẹ̀mú ni wẹ́dà fi ń di electrode mú, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ síbi tí wọ́n ń jó. Ọ̀nà tí iná tó bá ẹ̀mú jáde ń gbà padà sínú ẹ̀rọ ni kílámpù. Éàtì gangan ni wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tí a dè mọ́ páànù ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó sì lọ bá irin tí a rì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọ̀kan kò lè dípò èkejì láéláé.

Nínú ẹ̀rọ onítíráńsífọ́mà tí wọ́n ń wé níbí, wáyà tí iná NEPA ń wọ̀ àti wáyà ńlá tó ń lọ sí ẹ̀mú jọ wé mọ́ irin kan náà ni. Bébà àti fáníṣì ló là wọ́n láàrin. Bí ooru bá jó fáníṣì yẹn, fóòtì 230 lè bọ́ sí ara páànù, ó sì lè bọ́ sẹ́nu ẹ̀mú. Ẹ̀rọ náà á ṣì máa jó irin bó ṣe ń jó o tẹ́lẹ̀, títí ọmọ iṣẹ́ kan á fi fọwọ́ kàn án lórí ilẹ̀ tútù, tí òógùn ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin.

Àwọn kan gbà pé tí a bá ti rì irin éàtì mọ́lẹ̀, ó parí. Kò parí o. Ká ní ilẹ̀ ibẹ̀ fún irin náà ní óòmù 20 (óòmù la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà), tí láìnì kan, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, sì kan páànù ẹ̀rọ. Ẹ pín fóòtì 230 tó wà lórí láìnì náà sí ọ̀nà 20: áńpù 11 àti ààbọ̀ ló máa gba éàtì lọ. Bíréékà áńpù 40 kò ní mira, páànù á sì gbé iná síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi nílò bíréékà kejì, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní RCCB. Iye iná tó ń kọjá kọ́ ni RCCB ń wò. Bóyá gbogbo iná tó lọ ló padà ló ń wò. RCCB 100 mA (1,000 mA ló jẹ́ áńpù kan) dára fún ẹ̀rọ wẹ́dà, 30 mA fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ìharin bọ̀. Tó bá jẹ́ láìnì méjì lẹ fẹ́ lò, ẹ rí i pé 400 tàbí 415 ni fóòtì tí wọ́n kọ sí i lára, torí 230 ló wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún inú ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò wáyà, torí ibí ni owó àti ìjàmbá ti ń pàdé. Ẹ mú ẹ̀rọ áńpù 200, tí ẹnu ẹ̀mú rẹ̀ ń fún wa ní fóòtì 70 kí a tó fi kan irin. 70 lọ́nà 200 jẹ́ 14,000, ìyẹn kVA 14. Lórí láìnì kan àti níútíràlì (wáyà tí iná ń gbà padà), fóòtì 230, áńpù 61 ló máa fà. Lórí láìnì méjì, fóòtì 415, áńpù 34 ni. Iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ìnira wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìlàjì, kò sì ní da níútíràlì àdúgbò láàmú. Bí wọ́n bá wé ẹ̀rọ yín láti gba láìnì méjì, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lò ó: kébù bàbà 10 mm², bíréékà 40 tó ń já láìnì méjèèjì pa pọ̀, kí lẹ́tà D sì wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì. Tíráńsífọ́mà máa ń gbé iná mì gbàà lọ́pọ̀ ìlọ́po nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, bíréékà B á sì máa já ṣáá, títí ẹnì kan á fi sú, tí á fi wáyà fò ó kọjá.

Èyí tí mo ń rí jù ni kébù 2.5 mm² tí wọ́n fà gùn tó mítà 30 lórí láìnì kan. Fóòtì bíi 33 á ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Iná ẹnu electrode á rẹ̀wẹ̀sì, electrode á máa lẹ̀ mọ́ irin, wẹ́dà á yí ẹ̀rọ sókè, áńpù á pọ̀ sí i, wáyà á gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara ike tó bo wáyà náà lẹ ó ti mọ̀: á máa rọ̀, á máa dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tó bá rùn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà náà ń pani. Nínú kébù àtijọ́, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni láìnì, dúdú ni níútíràlì. Nínú ti ìsinsìnyí, búráùn, dúdú àti àwọ̀ eérú ni láìnì, búlúù ni níútíràlì. Ẹ rí i pé dúdú àti búlúù ti pààrọ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní kébù méjèèjì nínú ògiri kan náà, nítorí náà tẹ́sítà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ojú gbọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń so ó, ẹ pa súwíìsì, ẹ tì í ní kọ́kọ́rọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé kò síná. Éàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ dè, kí ẹ sì jẹ́ kó gùn ju àwọn tó kù lọ díẹ̀ nínú àpótí, kó lè jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ́ kébù tó sì fà á yọ, láìnì á ti já kí éàtì tó já. Lọ́ọ̀gì (orí irin tó ní ihò bóòtì) tí a tẹ̀ mọ́ wáyà ni kí ẹ fi dè é. Wíwé wáyà mọ́ bóòtì kò bójú mu. Súwíìsì tó lè pa gbogbo iná gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ wẹ́dà lè tètè tó. Orí búlọ́ọ̀kù, lábẹ́ òrùlé, ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí, kó jìnnà sí ògiri ní ìdajì mítà kí atẹ́gùn lè ráyè.

Kébù ẹ̀mú àti ti kílámpù: 35 mm² tó fún áńpù 150 sí 200 tí kò bá gùn púpọ̀, ó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí 50 mm². Ẹ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò, ẹ gán kílámpù mọ́ irin fúnra rẹ̀, nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ jó. Mo bẹ̀ yín, ẹ fiyè sí èyí. Bí kílámpù kò bá gán dáadáa, tí ẹ̀rọ ìharin onípáànù, tó ní éàtì, sì wà lórí géètì tí ẹ ń jó, áńpù 150 á wá ọ̀nà mìíràn padà. Wáyà éàtì tín-ín-rín inú ẹ̀rọ ìharin yẹn ló máa gbà. Á jó láti inú wá, ara rẹ̀ lóde kò sì ní yí padà. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìharin náà bá wá gbé iná, kò ní éàtì mọ́.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, pàápàá tí òjò bá ti pa á, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, kó mú megger fóòtì 500 wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn bóyá iná ń jò láàrin wáyà. Láàrin wáyà iná NEPA àti wáyà ẹ̀mú, ó kéré tán, kó ka megohm 5 (megohm kan jẹ́ mílíọ̀nù óòmù kan). Láàrin ìkọ̀ọ̀kan wọn àti páànù, 2.5. Lẹ́yìn náà, ẹ tàn án láìfi kan irin, kí ẹ wọn fóòtì láàrin ẹ̀mú àti kílámpù. Tó bá ju 80 lọ, ẹ dá ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó wé e.

Oníṣẹ́ iná kan,
Ìbàdàn