Àwọ̀ wo lẹ ní ká dà sí bísíkíìtì náà?

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ojú ìwé tí ẹ ń pè ní ti àwọn obìnrin ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè ṣe bísíkíìtì aláwọ̀ mèremère fún ọdún Kérésì nínú ilé. Ọkùnrin ni mí, ẹni ọdún 68. Láti ọdún 2019 tí ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa gbé ọmọ tuntun ní London, tó ní òun ò ní pẹ́ dé, èmi ni mò ń ṣe bísíkíìtì ọdún fún àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà nílé níbí. Ìyàwó mi ti dé tipẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kúrò lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ orúkọ ojú ìwé yẹn sílẹ̀. Ìlà kan ló gbé mi dìde lórí àga: "Ẹ wá da àwọ̀ díẹ̀ sí i."

Àwọ̀ wo?

Ọdún 33 ni mo fi tẹ̀wé ní Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó ni o, kàléńdà ìjọ ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, àwọ̀ mẹ́rin péré la fi ń tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi kẹrosíìnì fọ yíǹkì kúrò léèékánná tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa sọ pé "àwọ̀ díẹ̀" kó sì kọjá lọ. Àwọ̀ bébà wà, àwọ̀ aṣọ wà, ti ẹnu náà sì wà lọ́tọ̀.

Èmi gan-an ṣìṣe ní Kérésì àkọ́kọ́. Mo lọ sọ́jà, mo ra àwọ̀ oníyẹ̀fun nínú ọ̀rá kékeré: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Kò sí orúkọ lára ọ̀rá náà, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Mo bi ìyá tó ń tà á pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó ní, "Bàbá, kéèkì ni. Àwọn tó ń hun ẹní náà máa ń rà á lọ́wọ́ mi." Mo gbọ́ o, mo sì san owó. Bísíkíìtì náà dùn ún wò, àfi bíi kàléńdà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì Kérésì, ìka mi ṣì pupa, ahọ́n àwọn ọmọ ṣì dà bíi ti aláǹgbá tó jẹ ata, gbogbo ọṣẹ tó wà nílé kò sì ran ìka náà. Ọ̀rọ̀ ẹní yẹn wá padà sí mi létí. Mo da èyí tó kù nù.

Ọmọ mi gbọ́, ó fi ìgò ṣúgà aláwọ̀ wínníwínní ránṣẹ́ láti London, irú èyí tí wọ́n ń wọ́n sórí kéèkì. Atẹ̀wé ni mí, ara ìgò ni mo kọ́kọ́ kà. Lẹ́tà ibẹ̀ kò ju póíǹtì mẹ́fà lọ, mo ní láti wọ dígí méjì. Wọ́n kọ E102 àti E129 síbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe àwọ̀ oúnjẹ méjì, wọ́n sì kọ ọ́ pé ó lè da ìwà àti àfiyèsí ọmọdé rú. Mo wádìí rẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2010 ni òfin Yúróòpù ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára oúnjẹ tí ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́fà kan bá wà nínú rẹ̀. Wọn ò fòfin de àwọ̀ náà, wọ́n kàn ní kí òbí mọ̀. Amẹ́ríkà ní tiwọn, oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Red No. 3, wọ́n sì fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ní àyè di oṣù Kìíní ọdún 2027 láti yọ ọ́ kúrò. Tí àwọn tó ń kọ gbogbo nǹkan sára ìgò bá ń ṣọ́ra tó báyìí, kí la fẹ́ sọ nípa ọ̀rá tí kò ní orúkọ?

Bí mo ṣe sọ ilé ìdáná di ilé ìtẹ̀wé nìyẹn. N kò ní ófùn. Ìkòkò ńlá ni mo ní, mo da yanrìn tí mo fọ̀ dáadáa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ga tó ìka méjì, mo gbé agolo sí àárín, mo dé e, mo sì jẹ́ kó gbóná lórí gáàsì fún bí ìdajì wákàtí kí n tó gbé páànù bísíkíìtì lé agolo náà. Ìpò rẹ̀ kò le: ṣúgà ìwọ̀n kan, bọ́tà ìwọ̀n méjì, fúláwà ìwọ̀n mẹ́ta. (Owó bọ́tà lóde òní, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.)

Zobo ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo sè é títí tó fi ki, mo pò ó mọ́ fúláwà, mo sì fi báékìn sódà sí i nítorí mo rò pé bísíkíìtì kò lè ṣe é láìní sódà. Pupa ló wọlé, eérú ló jáde. Ọmọ-ọmọ mi àgbà wò ó títí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé sìmẹ́ńtì ni?" Mo gbé ata ilẹ̀ pupa (turmeric) tí wọ́n ti lọ̀ wá, èyí tó máa ń sọ ìka di rúsúrúsú. Òun náà bá sódà pàdé, ó pupa bí osùn! Ìgbà náà ló yé mi. Zobo fẹ́ràn kíkan, sódà sì ni ọ̀tá kíkan. Bí sódà bá ti dé, pupa ara zobo á sá lọ. Ata ilẹ̀ pupa ní tirẹ̀ kì í sá, ńṣe ló máa ń yíwọ̀ padà.

Mo yọ sódà kúrò pátápátá. Kò sì sí ohun tó ṣe bísíkíìtì náà. Ata ilẹ̀ pupa wọ inú ìpò, ṣíbí epo pupa kan náà máa ń wọ ibẹ̀ dípò bọ́tà díẹ̀, kó jẹ́ epo tuntun tí kò tíì kan. Zobo tí mo ti sè ní tirẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò yanrìn. Inú ṣúgà àísìn ni mò ń pò ó sí, pẹ̀lú ẹ̀kán ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan, n ó wá fi kun orí bísíkíìtì tó ti tutù. Ó ń pupa bí ìkóódẹ. Omi ẹ̀fọ́ ugú náà, orí ni tirẹ̀, torí àwọ̀ rẹ̀ ṣú rúmúrúmú nígbà tí mo jẹ́ kó rí iná.

Àwọ̀ aró ló fìyà jẹ mí jù. Àbúrò ọmọ-ọmọ mi àgbà yẹn ní kí n lọ ra aró ẹlú l'Ábẹ́òkúta. Mo ní aró àdìrẹ kì í ṣe ti inú ikùn. Kábéèjì pupa ló gbà mí. Mo sè é, omi rẹ̀ dà bí ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, mo fi orí ọ̀bẹ bu sódà bíńtín sí i, ó sì di aró lójú wa. Sódà tí mo lé jáde ló padà wá ràn mí lọ́wọ́! Bí ẹ bá bù ú jù, á di àwọ̀ ewé, á sì máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé tí ẹ bá tún kọ irú rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ kọ orúkọ àwọ̀ náà, ẹ sì sọ fún àwọn èèyàn pé bí wọ́n bá fẹ́ rà á, kí wọ́n wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ìlà kan péré ni, kò ní gba àyè lọ́wọ́ yín. Mo mọ bí àyè ṣe ń wọ́n lójú ìwé.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí ṣe. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi ní dúdú lòun fẹ́, kóun lè fi kọ orúkọ òun sórí bísíkíìtì oníràwọ̀. Mo ti gbìyànjú kòkó, kò kọjá àwọ̀ bàtà ọmọ iléèwé. Bí òǹkàwé yín kan bá mọ ohun jíjẹ tó dúdú bíi yíǹkì, kó bá mi kọ ọ́ sí yín kíákíá. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí la ó gbé ìkòkò kaná.

Èmi ni,
Bàbá Dúró,
Atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣómólú, Èkó.