Abẹ́ iná pupa kọ́ ni a ti ń fọ fíìmù

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwa ayafọ́tò àtijọ́. Inú mi dùn, àfi ibi tí ẹ ti ní abẹ́ iná pupa ni a ti ń fọ fíìmù. Rárá o! Pépà tí a ń tẹ fọ́tò sí ni iná pupa kì í ṣe ní nǹkan. Òkùnkùn biribiri ni ti fíìmù. Ẹ ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọdún 1974 ni mo wọṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá mi á ní kí n dijú, kí n máa ká ògbólógbòó fíìmù sínú táǹkì, ìyẹn ohun tí a fi ń fọ fíìmù tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọnú rẹ̀, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni D-76, oògùn tó ń mú àwòrán jáde, bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ, omi, háípò, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba fíìmù jẹ́ mọ́, kí a tó wá ṣàn án dáadáa.

Ooru ni wàhálà wa. D-76 yẹn ń fẹ́ ìwọ̀n 20 Celsius, omi ẹ̀rọ wa sì ń lọ́ wọ́ọ́wọ́. Yìnyín ni mo máa ń rà lọ́wọ́ ìyá oníbisikíìtì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, màá gbé ike oògùn sáàárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣọ̀lẹ, mi ò ra yìnyín. Ara fíìmù rọ̀ bí ẹ̀kọ, ó ń bó létí létí. Fọ́tò ìgbéyàwó ni! Bàbá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí.

Táǹkì mi ṣì wà. Bí akọ̀ròyìn yín bá fẹ́ wò ó, kó wá nígbà tí wọ́n bá múná lọ.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Onífọ́tò, Ìbàdàn