Káàdì wáífáì mi ò jóná o

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kéèyàn má dán an wò kó fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, sórí láptọ́ọ̀pù torí wáífáì ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí díẹ̀ ló kù kémi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo rà, mo fi Ubuntu, tó jẹ́ irú Linux kan, sí i, wáífáì ò yọjú rárá, mo gbé e lọ bá áńjíníà kan, ó wò ó títí, ó mirí, ó ní káàdì wáífáì ti jóná, ₦18,000 lòmíì, bẹ́ẹ̀ kò tíì tú ìdérí ẹ̀ wò o! Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi okùn so fóònù mọ́ ọn kí n lè rí dátà lò, mo ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ lspci tó ń to orúkọ àwọn nǹkan inú ẹ̀ sílẹ̀, káàdì tí wọ́n ní ó jóná ló jẹ́ orúkọ ní gbangba yẹn. Ṣé òkú máa ń jẹ́ èèyàn lóhùn ni?

Mo wá tẹ sudo modprobe wl kí n fi pe module wọlé, torí wl lorúkọ module, ìyẹn ètò kékeré, tó ń wa káàdì náà, ó ní "Required key not available", ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ tó yẹ kó wà ò sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Kernel, ọkàn Linux fúnra ẹ̀, ló nilé, module ni àlejò tó fẹ́ wọlé wá ṣiṣẹ́, Secure Boot, ààbò tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ni mẹ́gàádì, mẹ́gàádì wá ní òun ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tí àlejò yìí mú wá, kó padà síbi tó ti ń bọ̀.

Kéèyàn fi ẹni tó fọwọ́ sí i han mẹ́gàádì ló kù. Mo tẹ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, MOK.der yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ẹni tó fọwọ́ sí i, ó ní kí n dá pásíwọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, mo pa láptọ́ọ̀pù, mo tún un tàn. Ibí gan-an ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra o, tó bá ń tàn bọ̀, ojú búlúù kan á yọ tó ń ka sẹ́kọ́ńdì 10, tẹ́ ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, ó ti lọ nìyẹn. Tèmi àkọ́kọ́, oníbàárà kan ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó dá a lóhùn ó ti kọjá, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí mokutil. Lẹ́ẹ̀kejì mo jókòó tì í bí ẹni ń ro ẹ̀kọ lórí iná, mo mú Enroll MOK, Continue, Yes, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí mo dá sílẹ̀ yẹn, Reboot. Wáífáì dé! Ti aládùúgbò mi ló tiẹ̀ kọ́kọ́ yọ.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ìgbà lọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ "Invalid module format" ló kọ, module tí wọ́n ṣe fún kernel mìíì lẹ fẹ́ kì bọ tiyín, ẹ fi uname -r wo èyí tẹ́ ẹ ń lò, kẹ́ ẹ wá linux-headers tó bá a mu, ohun tí wọ́n fi ń ṣe module fún kernel náà, kẹ́ ẹ fi tún module ṣe. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ pa Secure Boot nínú BIOS, ojú ètò tó ń yọ kí Linux tó tàn, ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ṣé torí àlejò kan ni màá ṣe lé mẹ́gàádì dànù?

Áńjíníà yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní káàdì ti dé. Tó bá ń ka ìwé ìròyìn yín, ẹ bá mi kí i.

Oníṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn