Òfin ló sọ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà di tálákà, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ń kọ̀wé yìí láti ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa, yálà àwọn tó wà nílé tàbí àwa tí a jọ wà níbí, pé ẹni tó bá tòṣì ní Amẹ́ríkà, ìmẹ́lẹ́ ló fà á, nítorí pé iṣẹ́ wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ wà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni owó iṣẹ́ tó lè gbọ́ bùkátà, èyí kì í sì í ṣe àmúwá Ọlọ́run: àwọn èèyàn ló jókòó ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, àti ní olú-ìlú àwọn ìpínlẹ̀, tí wọ́n fi òfin sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Iye tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín kù fún wákàtí kan ni dọ́là 7.25. Oṣù keje ọdún 2009 ni wọ́n ti gbé e síbẹ̀, láti ìgbà náà tí owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwòsàn sì ti ń gun òkè àjà, wọn kò fi sẹ́ńtì kan lé e. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, tí kò sinmi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo láàrin ọdún, dọ́là 15,080 ni yóò gbà kí wọ́n tó yọ owó orí nínú rẹ̀. Bí a bá wo ohun tí owó lè rà, iye yìí kò tó ti ọdún 1968, nígbà tó jẹ́ dọ́là 1.60 péré. Ti àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ tún burú ju èyí lọ, nítorí òfin gbà kí ọ̀gá wọn san dọ́là 2.13 fún wákàtí kan, kí ẹ̀bùn ọwọ́ àwọn oníbàárà máa dí ìyókù, iye yẹn kò sì tíì yí padà láti ọdún 1991. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi California àti Washington ti fi òfin tiwọn gbé owó wákàtí kọjá dọ́là 16. Texas, Georgia, Alabama àti Mississippi kò kúrò lójú kan.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń gba dọ́là méje lóde òní. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹni tó ń gbà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Arábìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, òun ló ń yí wọn padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà yọ sí wọn nídìí. Dọ́là 16 ni owó wákàtí rẹ̀, àmọ́ wákàtí 32 péré ni wọ́n ń fún un lọ́sẹ̀. Ọmọ méjì ló ń dá tọ́. Owó ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ń gbé jẹ́ dọ́là 1,250 lóṣù, èyí tó ju ìdajì gbogbo ohun tó ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ra epo sínú ọkọ̀, tí èèyàn kò sì lè ṣe láìní in ní Houston. Nítorí náà ló ṣe wá iṣẹ́ kejì. Mo máa ń rí i láàárọ̀, ní ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, tó ti pààrọ̀ sí aṣọ iṣẹ́ kejì, tó ti tẹ àga ọkọ̀ sẹ́yìn, tó ń sun ogójì ìṣẹ́jú kí ó tó tún gbéra. Ẹni yìí ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ nígbà tí wọ́n bá sọ pé iṣẹ́ kò wọ́n ní Amẹ́ríkà.

Kókó kan yọ sí i lọ́mú lọ́dún tó kọjá. Ó ní íńṣọ́ránsì ìlera lóòótọ́, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá gbowó, ṣùgbọ́n íńṣọ́ránsì náà kò ní dá sí àyẹ̀wò tí dókítà ní kó lọ ṣe àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ ná dọ́là 4,000 láti àpò ara rẹ̀ láàrin ọdún. Oṣù mẹ́ta ló fi gbé kókó náà kiri, tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn lóròòru, kí ó tó rí owó kó jọ. A dúpẹ́ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Inú ṣì ń bí mi bí mo bá rántí oṣù mẹ́ta yẹn, nítorí pé jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹni tó ń wá owó.

Nǹkan tí kì í tètè yé àwọn tí kò tòṣì rí ni bí òṣì fúnra rẹ̀ ṣe wọ́nwó tó. Bí owó báńkì èèyàn bá dín sí ohun tó rà, àwọn báńkì kan lè bu owó ìtanràn tó lè tó dọ́là 35 lé e. Bí owó ilé bá pẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan, owó ìtanràn tún ti gorí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró títí wọn yóò fi san owó iṣẹ́ á gba ilé àwọn ayánilówó lọ, níbi tí wọ́n ti máa ń gba dọ́là 15 lórí dọ́là 100 fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ bá sì ṣírò rẹ̀ dé ọdún kan, èlé rẹ̀ ń lọ sí ìdá 391 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í sì í ṣe àwọn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí lọ́dún 2023, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni kò lè fi owó ọwọ́ wọn nìkan san ìnáwó òjijì tó tó dọ́là 400.

Ní ti àìsàn, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó ní kí agbanisíṣẹ́ aládàáni sanwó fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Òfin ọdún 1993 fún àwọn kan láyè ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú ara wọn tàbí ọmọ tuntun, àmọ́ ìsinmi aláìlówó ni, ta ló sì fẹ́ fi oṣù mẹ́ta jókòó láìgbowó? Ní Texas níbí, àwọn ìlú Austin àti Dallas ti ṣe òfin pé kí àwọn tó ń kọ́lé máa rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sinmi, kí wọ́n mumi, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbé òfin mìíràn kalẹ̀ tó gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú, gómìnà sì buwọ́ lù ú nínú oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn ibí ń gbóná janjan. Àwọn àgbà ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ibòji. N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu tó ibẹ̀ yẹn.

Ẹ má ṣe rò pé owó ló tán lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Nínú ìṣirò Economic Policy Institute, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ ajé, ohun tí ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ńlá ń gbà lọ́dún 1965 jẹ́ ìlọ́po 21 ti òṣìṣẹ́ lásán. Lọ́dún 2023, ó ti di ìlọ́po 290. Ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún tó lówó jù ló ni nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ àwọn ìdílé orílẹ̀-èdè náà, nígbà tí ohun tí ìdajì àwọn aráàlú tí ọrọ̀ wọn kéré jù jọ ní kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àyè tí wọ́n fi rí èyí ṣe ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń kú lọ, nítorí ní àárín àwọn ọdún 1950, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn òṣìṣẹ́ ló wà nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, wọn kò pé ẹni mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Owó orí náà kò gbẹ́yìn. Ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó iṣẹ́ arábìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń yọ fún Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ní ọdún 2025, wọn kò yọ ọ́ mọ́ lórí owó iṣẹ́ tó bá ti kọjá dọ́là 176,100, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gba mílíọ̀nù kan dọ́là ti san tirẹ̀ tán nínú oṣù kẹta.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì pé òfin ló wà nídìí rẹ̀, kí ó wo ọdún 2021. Nínú oṣù kẹta ọdún náà ni Ààrẹ Joe Biden buwọ́ lu òfin kan tó fi kún ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún àwọn òbí láti inú owó orí. Láti oṣù keje títí di oṣù kejìlá, dọ́là 300 ń wọ báńkì àwọn òbí lóṣooṣù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, dọ́là 250 sì ni fún ọmọ tó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn òbí tí owó wọn kéré jù náà rí i gbà ní kíkún, nítorí ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá tó nǹkan, ìrànwọ́ náà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Ní òṣùwọ̀n tí iléeṣẹ́ ìkànìyàn wọn fi ń ka ìrànwọ́ ìjọba mọ́ owó tó ń wọlé fún ìdílé, àwọn ọmọdé tó tòṣì jẹ́ ìdá 9.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2020. Lọ́dún 2021, wọ́n wálẹ̀ sí ìdá 5.2. Àwọn aṣòfin jẹ́ kí òfin náà parí, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kò fọwọ́ sí ìtẹ̀síwájú rẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Joe Manchin ti West Virginia, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ààrẹ fúnra rẹ̀ nígbà náà, sì kọ̀ láti dìbò fún un. Ní ọdún 2022, ìdá náà fò lọ sí 12.4.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro èyí dáadáa. Àwọn òbí wọ̀nyí kò di ọ̀lẹ láàrin oṣù kìíní ọdún 2022. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí oṣù mẹ́fà náà kò sì rí i pé àwọn òbí fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó yẹn. Arábìnrin ẹlẹgbẹ́ mi sọ fún mi pé ní gbogbo oṣù mẹ́fà náà, òun kò dé ẹnu ọ̀nà ayánilówó kankan. Nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ó ti padà síbẹ̀.

Àwọn aráàlú náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ nígbà tí wọ́n bá bi wọ́n. Ní Florida lọ́dún 2020, ìpínlẹ̀ tó dìbò fún Donald Trump, ohun tó lé ní ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ló fọwọ́ sí i pé kí owó wákàtí máa gòkè títí yóò fi dé dọ́là 15. Ní Missouri lọ́dún 2024, wọ́n dìbò fún dọ́là 15 àti fún ọjọ́ àìsàn tí a ń sanwó fún. Kí ọdún 2025 tó parí, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti fagi lé ti ọjọ́ àìsàn. Mo ń sọ èyí fún àwọn èèyàn wa tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè níbí, tí wọ́n máa ń dìbò fún ààrẹ lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ṣùgbọ́n tí wọn kì í yọjú sí ìdìbò àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba omi mímu lọ́wọ́ òṣìṣẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń parí ọ̀rọ̀ mi, Olóòtú. Ìwé ìròyìn yín ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó ń wa ọkọ̀, tó ń ṣọ́ ọgbà ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún àlàyé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 1938 sọ pé púpọ̀ jù lọ àwọn tó ń gba owó wákàtí gbọ́dọ̀ gba ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó wákàtí wọn lórí wákàtí yòówù tó bá kọjá ogójì lọ́sẹ̀, síbẹ̀ mo mọ àwọn tó ń ṣe ọgọ́ta wákàtí, tí wọ́n ń san iye kan náà fún gbogbo rẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti sọ̀rọ̀ nítorí ìwé ìgbélùú. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé Wage and Hour Division, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Houston, Texas