Lẹ́tà Oṣù Ọ̀wàrà sí Ẹ̀pẹ́: Àpótí Ìwé Bàbá àti Ohun Tí A Ó Kà

Manchester, Ìlú Ọba.
Ìparí oṣù Ọ̀wàrà.

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ìbejì,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò àrọ̀kúrò, ẹ kú iṣẹ́ ọjà. Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, ẹ sì bá mi gbé Ìdòwú jó. Ara wa le níbí, a dúpẹ́. Ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n máa ń dá aago ibí padà ní wákàtí kan, nítorí náà tiyín á fi wákàtí kan ṣáájú tiwa títí di òpin oṣù Ẹrẹ́nà. Aago 8 alẹ́ Sátidé tí a fi ń pe ara wa, lọ́dọ̀ yín, á di aago 7 lọ́dọ̀ mi. Ẹ má yí nǹkan kan padà, èmi ni mo máa tún tèmi tò.

Mo rí fọ́tò àpótí ìwé Bàbá tí Táíwò fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Funfun tó wà lára àwọn ìwé yẹn kì í ṣe eruku o, ìwé ló ń hùkasì. Eruku máa ń bà lé orí ìwé ni, èyí hù ní bátànì-bátànì lẹ́yìn ìwé níbi tí gọ́ọ̀mù wà. Tí ẹ bá ṣí ọ̀kan, tó sì ń rùn bí abẹ́ àmù, òun náà nìyẹn.

Àpótí páànù yẹn ló fà á. Ọ̀sán á mú páànù gbóná, òru á mú un tutù, atẹ́gùn inú rẹ̀ kò sì rí ibi gbà jáde. Páànù á wá máa làágùn sínú, ìwé á máa fà á mu. Nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ju nǹkan bíi 65 nínú 100 lọ, tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ̀pẹ́ tiwa yìí, tí ọ̀sà wà nítòsí, tí òjò tún ń rọ̀, kì í sábà wá sísàlẹ̀ ìyẹn. A kò lè lé ọ̀rinrin kúrò nílùú, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnìkan ń ṣí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí atẹ́gùn ń gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, kì í tètè hu nǹkan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìwé kíkà àti ìtọ́jú ìwé di iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí Táíwò kó gbogbo rẹ̀ jáde ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, sí abẹ́ ìbòòji, kì í ṣe inú oòrùn gangan. Oòrùn ń mú kí páálí ìwé ká kò, ó ń pa àwọ̀ rẹ̀, ó sì ń mú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ gan débi pé á sán, ewé á wá máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó fi aṣọ bo imú, pàápàá tí ikọ́ bá ń ṣe é. Kó gbé ìwé nàró, kó la ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fi í sílẹ̀ bíi wákàtí 3 sí 4. Ìgbà tó bá ti gbẹ ni kó tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, èyí tí kò tíì kan ọ̀dà rí, gbá funfun náà dànù, kó máa gbá a síwájú, kì í ṣe sí ara rẹ̀. Tó bá gbá a nígbà tí ewé ṣì tutù, ṣe ló máa tẹ̀ ẹ́ wọ inú ìwé, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Kó má fi aṣọ tútù nù ún. Kó má sì jẹ́ kí jíìkì débẹ̀ rárá, torí ó ń jẹ ewé ìwé ni.

Tí òjò bá lu ìwé kan gan-an, ọ̀rọ̀ di kíákíá. Ọjọ́ méjì péré lẹ ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ fi tíṣù funfun tí kò ní òdòdó sáàárín ewé, bíi ewé 20 sí ara wọn, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe ń mu omi, kí fáànù máa fẹ́ sí i láti ọ̀ọ́kán. Ẹ má fi ìwé ìròyìn rọ́pò tíṣù, taadáwà rẹ̀ máa ń ràn. Ìwé tí ewé rẹ̀ ń dán, irú èyí tí wọ́n ń ya àwòrán sí, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, torí tó bá fi lè gbẹ pọ̀, ó ti lẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè ṣí i mọ́.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé kí ẹ kó ìwé oníkòkòrò sínú firísà. Kò purọ́. Ìwé tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, tó lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú firísà tó dì gbagidi, kòkòrò inú rẹ̀ á kú tọmọtọmọ. Ṣùgbọ́n iná ta ni? Iná á lọ, yìnyín á yọ́, iná á tún dé, omi lẹ wá ń dà sí ìwé lára. Firísà ẹja yín ńkọ́? Ìwé Fágúnwà tó bá ń rùn bọ̀ọ̀ fún òbọ̀kún, ta ló máa gbé e sórí itan?

Ẹ wá bá mi bẹ Màmá nítorí kánfọ̀ tí wọ́n ń jù sáàárín ìwé àti aṣọ. Ọmọ ọwọ́ wà nílé báyìí. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí àléébù kan mọ́, tí àwọn dókítà ń pè ní àìtó G6PD, ó sì pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú. Kánfọ̀ tí wọ́n kó sáàárín aṣọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa fọ́, kí ibà pọ́njú sì dé. Ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ lójú lásán pé ọmọ òun ní in. Nítorí náà, ẹ kó o jáde pátá.

Àpótí náà fúnra rẹ̀, ẹ fi kó ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan pákó pẹẹrẹ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kó má lẹ̀ mọ́ ògiri, kí ó fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ jìnnà sí i, torí ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè, ara rẹ̀ náà sì ni omi ń rìn. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì tí ẹ da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì ti yọ dànù sí, kí ikán àti èèrà má lè kọjá. Kí ìdérí tàbí páálí bo ẹnu agolo náà, torí Ìdòwú máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Kí ìwé dúró ṣánṣán, kó má fún mọ́ra jù, kí ìka kan lè wọ àárín wọn.

Ewé tó ya, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sẹ́lótéépù á pọ́n, á ṣí, á fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ sínú lẹ́tà. Sítáàṣì tí ẹ fi ń lọ aṣọ ti tó. Ṣíbí kan sí omi ṣíbí márùn-ún, ẹ po ó tútù kó má ní kókó, ẹ gbé e sórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí yóò fi kúrò ní funfun tí yóò sì máa dán. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi ìka kan ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí pelebe tíṣù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì ìbú àtàǹpàkò lọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi tó ya, ẹ fi náílọ́ọ̀nù sókè àti sísàlẹ̀, kí ẹ wá gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ra á nípọn, ewé á ká, aáyán á sì bá yín jẹun níbẹ̀. Ẹ̀wà rẹ̀ ni pé omi lè tú u, tí ọwọ́ bá ṣì í.

Ó wá kan ìwé tí a ó kà lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn tí mo kà lóṣù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tún kà sókè létí Màmá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. 1938 ni D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ gbé e jáde, kò sì sí ìwé tó dára fún ẹnu bíi tiẹ̀, torí ẹnu ni ọdẹ náà, Àkàrà-Ògùn, fi ń sọ ìtàn náà nínú ìwé: á sọ, á dá a dúró, á tún padà wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ibi tó bá ti dá a dúró, ẹ̀yin náà ẹ dá a dúró níbẹ̀, kódà tí àwọn ọmọ bá ń kùn. Ìṣẹ́jú 20 ti tó lẹ́ẹ̀kan, ojú ìwé 6 sí 8 nìyẹn. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìtàn á sì já. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, ọ̀rọ̀ á máa to lé ọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá wá ibi mí á kú sí àárín rẹ̀. Kí ẹni tó máa kà á kọ́kọ́ gba ojú ìwé náà lọ́sàn-án, kó fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré síbi tó ti máa mí. Pẹ́ńsù o. Báírò máa ń yọ sí òdìkejì ewé bó bá pẹ́.

Kẹ́hìndé mọ̀wé, àkọtọ́ àtijọ́ ló ń dá a dúró. Ẹ̀dà Bàbá ti wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tòde òní ní 1974. Tó bá rí aiye, ayé ni, ẹiyẹ, ẹyẹ ni, enia, ènìyàn, nwọn, wọ́n, yio, yóò. Nigbati tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, nígbà tí ni. Fáwẹ̀lì tí wọ́n fa àmì kọ́lọkọ̀lọ lé lórí, méjì ni kó kà á sí, bí wọ́n ṣe ń kọ õrùn fún oòrùn. Kó kọ wọ́n sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó fi páálí náà ṣe àmì ibi tí ẹ kà dé, á máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà tó bá kọsẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, máa dùn mọ́ àwọn ìbejì ju Fágúnwà lọ. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ sì ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn inú rẹ̀. Kí ọmọ kan máa ka ti Lápàdé, kí èkejì máa ka ti àwọn yòókù. Ìwà ipá wà níbẹ̀, kí ẹ fúnra yín ka ojú ìwé wò kí ó tó kan àwọn ọmọ.

Ìkẹta, ẹ dúró kí àwọn ọmọ sùn. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas ń gbé jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ ló ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí olóòtú. Karin Barber tún tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ló wà lọ́wọ́ mi, màá máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan, bí àwọn ará Èkó ṣe kà á nígbà náà. Lójú tèmi, ìrònúpìwàdà rẹ̀ máa ń súni nígbà míì. Orin rẹ̀ àti àdúgbò Èkó tó ń dárúkọ ló ń mú mi dúró tì í, ó sì dá mi lójú pé Màmá máa mọ díẹ̀ nínú àwọn orin yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra Àjà Ló Lẹrù, ẹ má sanwó kí ẹ tó ṣí i. Ayédèrú pọ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò ní àárín àti lẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ewé ti sábà máa ń dín tàbí kí ó dorí kodò. Ẹ wá wo abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ: ibi tí àmì abẹ́ wọn bá ti parẹ́ lójú ìwé tó pọ̀, ẹ̀dà ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, ọmọ kò sì lè fi kọ́ kíkà. Ẹ fà á díẹ̀ níbi ẹ̀yìn pẹ̀lú, bí ewé bá dáhùn, ẹ dá a padà.

Ẹ ra ìwé 40 leaves kan fún Táíwò. Kó máa kọ ọjọ́, orúkọ ìwé, ojú ìwé tí ẹ kà dé, ọ̀rọ̀ kan tí kò yé e, àti ohun tí Màmá bá sọ nípa rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ́kàn mi, kó má fi ti ọ̀rọ̀ tó le dí i lọ́wọ́. Kó ya fọ́tò ojú ewé náà ránṣẹ́ ní òpin oṣù.

Màmá ní lẹ́tà ń bò lójú àwọn, iná sì ń ta sí àwọn lójú. Awò tí wọ́n ń tà lójú títì kò lè ṣe ohunkóhun sí ojú tí funfun bá ti ń bò. Ẹ bá mi mú wọn dé Jẹ́nẹ́rà lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sọ iye tó bá jẹ́, màá fi ránṣẹ́.

Ẹ kí àwọn ará ilé àti àwọn ìyá tó wà lọ́jà fún mi.

Èmi ni àbúrò yín,
Bọ̀dé.