Ìrànwọ́ owó àti ìgbàwọlé sí yunifásítì Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín lórí ìmọ̀ràn kan tó gba ìgboro Àkúrẹ́ kan, tó sì ń ṣe àwọn ọmọ tó ń wá yunifásítì Amẹ́ríkà ní jàǹbá. Wọ́n ní ọmọ tó bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ń fẹ́ ìrànwọ́ owó, wọn ò ní gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lè san ìdá kan nínú ogún owó náà ṣe ń yan "rárá" ní káfè, tí yóò sì máa retí lẹ́tà.

Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe níbi gbogbo. Àwọn yunifásítì kan wà tí àwọn tó ń yan ọmọ kì í wo ọ̀rọ̀ owó rárá. Need-blind ni wọ́n ń pè wọ́n. Fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, wọn ò pọ̀: Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Dartmouth àti Bowdoin dara pọ̀ mọ́ wọn ní 2022. Gbogbo ayé ló ń du ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí ọmọ béèrè kọ́ ló ń lé e padà. Need-aware, ìyẹn àwọn tó ń wo ọ̀rọ̀ owó bí wọ́n bá ń yan ọmọ òkèèrè, ló pọ̀ jù, Stanford àti Cornell wà nínú wọn. Iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ òkèèrè ní òpin. Bí ìwé ọmọ méjì bá dọ́gba, tí owó sì ti ń tán lọ, ẹni tí ò béèrè ni wọ́n sábà máa ń mú.

Kí ló dé tí mo ṣì fi ní kí ọmọ aláìní yan "bẹ́ẹ̀ ni"? Ní Stanford, ọmọ òkèèrè tí kò béèrè nígbà tó ń wọlé kò lè béèrè mọ́ títí yóò fi parí, àwọn mìíràn náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé kò sì ní fún un ní fọ́ọ̀mù I-20 tó máa fi wá físà, àfi bó bá fi ẹ̀rí owó ọdún àkọ́kọ́ hàn. Ní àwọn ilé ìwé ńlá, owó yẹn ti kọjá 80,000 dọ́là lọ́dún. Kí ni ọmọ ọlọ́jà fẹ́ fi lẹ́tà ìgbàwọlé lásán ṣe?

Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àkúrẹ́ níbí ló ń gbé, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ti ìjọba Amẹ́ríkà, ló máa kọ, ọ̀fẹ́ ni, Stanford àti Cornell kì í sì í wo owó rẹ̀ bí wọ́n bá ń yan ọmọ.

Ibi tí mo ti rí i pé ọmọ wa ń ṣubú jù ni fọ́ọ̀mù CSS Profile, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé fi ń mọ iye tó ń wọlé fún òbí ọmọ tó béèrè ìrànwọ́. Dọ́là 25 ni fún ilé ìwé àkọ́kọ́, 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ ímeèlì sí ilé ìwé náà, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní kóòdù tí a fi ń kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Naira ni kí ẹ fi kọ iye owó. Ẹni tó bá fi iye naira síbi tó ti yan dọ́là ti sọ ara rẹ̀ di olówó.

Ẹ wo ìyá tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba. Ó ta ọjà 400,000 naira lóṣù. Ó ra ọjà náà ní 330,000, ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù gba 30,000. Èrè rẹ̀ ni 40,000, ìyẹn 480,000 lọ́dún. Ọmọ rẹ̀ á wá kọ 4,800,000, nítorí iye tí ìyá rẹ̀ tà ló sọ fún un. Ìlọ́po mẹ́wàá! Bí kò bá sí ìwé owó orí, kí ìyá kọ lẹ́tà, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó ṣe ìṣirò yìí sínú rẹ̀, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ báńkì tì í. Kí iye tó wà nínú lẹ́tà bá ti inú fọ́ọ̀mù mu.

Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù owó máa ń parí lè yàtọ̀ sí ti ìgbàwọlé, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìlànà sì ń yí padà: abala tó wà fún ọmọ òkèèrè lórí ìkànnì ilé ìwé náà gan-an ni kí ẹ kà lọ́dún tí ọmọ yín fẹ́ wọlé.

Olùtọ́sọ́nà àwọn akẹ́kọ̀ọ́,
Alágbàká, Àkúrẹ́.