Ìwé Ẹ̀bẹ̀ lórí Etí Títì tí Ọkọ̀ àti Kẹ̀kẹ́ Ológeere Jọ Ń Lò

Sí Alága àti gbogbo Kánsílọ̀,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Mainland.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá,

Àwa tí a ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, tí a sì ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, ní Òyìngbò, Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Yábàá, la kọ ìwé yìí sí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kó fi àárín ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀, oníkẹ̀kẹ́ tó mọyì ẹ̀mí rẹ̀ kì í sì í jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń lé e lọ yẹn gan-an ni dáńfó ti ń já èrò, ibẹ̀ ni àwọn kan ń gbé ọkọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ ọjà sí, ibẹ̀ náà sì ni gọ́tà ti ya ẹnu sílẹ̀ láìní ìdérí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ bá wa sọ ẹ̀gbẹ́ náà di ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbà kọjá.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni alábúrẹ́dì tó ń kiri láàárọ̀, ọmọ tó ń ta áìsìkiriìmù, àti káfíńtà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí tiwa wà lára wọn, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbójú lé, nítorí pé kì í mu epo, owó ọkọ̀ sì ti kọjá agbára wọn.

Nínú ìsọ̀ wa la ti ń rí ohun tí ojú wọn ń rí. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá òsì oníkẹ̀kẹ́ sì ni ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà á sílẹ̀ máa ń gbà kọjá. Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti apá òsì ló máa ń wọ́, tí díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá ti gbá a. Èyí tó burú jù ni ti táyà iwájú. Irin tí wọ́n fi bo gọ́tà ní àwọn ibì kan, bí ọ̀nà ṣe nà ni wọ́n to àwọn ọ̀pá rẹ̀, dípò kí wọ́n dábùú wọn. Táyà ọkọ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n táyà kẹ̀kẹ́ á wọ àárín ọ̀pá méjì, á há, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì fò lọ síwájú. Bí wọ́n bá gbé irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ dé, ríìmù á ti ká, sípókù á ti já, fọ́ọ̀kì á ti tẹ̀ sẹ́yìn, kò sì sí ohun tí a lè ṣe ju pé ká pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

A kò fi ẹ̀sùn kan àwọn awakọ̀ dáńfó. Iṣẹ́ òòjọ́ ni tiwọn náà, owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lálẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀. Síbẹ̀, bí èrò bá ti pariwo pé "ó wà!", awakọ̀ á dúró lójijì láì tíì kan etí títì, èrò á bẹ́ sílẹ̀ sínú àyè tóóró tó ṣẹ́kù láàárín bọ́ọ̀sì àti gọ́tà, àyè yẹn náà sì ni oníkẹ̀kẹ́ ń gbà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. A bẹ̀ yín, ẹ bá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ sọ ọ́ ní gáréèjì, kí wọ́n máa wọ ibùdókọ̀ tán kí wọ́n tó já èrò, kí kọ̀ńdọ́ sì máa wo ẹ̀yìn kó tó ní kí èrò sọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọ́fíìsì yín. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin, ló fi ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, bárò àti ọmọlanke sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ka ìtọ́jú ojú ọ̀nà, iná ojú pópó àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ yín. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé ìlànà kan jáde ní 2018 fún àǹfààní àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni òpópónà Herbert Macaulay, láti Adékúnlé dé Sábó. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yín bá wa rìn ín, ká fi irin gọ́tà tó léwu hàn wọ́n, kí wọ́n lè tún wọn tò kí òjò tó dé, nítorí bí omi bá ti bo ilẹ̀, kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó lè rí ihò. Kí wọ́n bo gọ́tà tó ṣí sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí apá kan iṣẹ́ náà bá wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohùn yín kún tiwa lọ́dọ̀ wọn. Ní ti àwọn ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a kò fẹ́ kí ẹ lé wọn láì fún wọn níbi tí wọn yóò lọ.

Oníkẹ̀kẹ́ tó ń gba ọ̀nà òdì, tàbí tó ń rìn lálẹ́ láìní iná, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíì wewu, a kì í sì í gbè sẹ́yìn irú wọn. Bí ẹ bá dá ọjọ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yóò wá gba ìwé àṣẹ ní sẹkitéríàtì, a ó kó irinṣẹ́ wa wá, a ó yẹ bíréèkì gbogbo kẹ̀kẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì so iná mọ́ ẹ̀yìn èyí tí kò bá ní. A ń retí ọjọ́ tí ẹ ó fún wa láti wá fẹnu ara wa ṣàlàyé.

Àwa ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.